Okùn àháyà tó so ọ́fíìsì wa mẹ́ta pọ̀: Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bi mí pé ṣé leased line tá a gbà yẹn, ìyẹn okùn tá a háyà fún àwa nìkan láti so kọ̀ǹpútà wa pọ̀, tó owó tá à ń san lórí ẹ̀, pàápàá àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì mẹ́ta, àti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bíi tiwa tó ní ẹ̀ka sí apá Ìgbómìnà. Mo ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí tí mo bá ń fẹnu sọ ọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan mo máa ń gbàgbé ibi tó ṣe kókó. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ta á fún wa o, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọwọ́ ẹnikẹ́ni téèyàn bá ti rà á ló ti lè bá a pàdé.

Alájẹṣẹ́kù ni wá. Ọ́fíìsì àgbà wa wà n'Ílọrin, lápá Taiwo, ẹ̀ka kan wà l'Ọ́fà, èkejì wà l'Ómù-Àrán. Ìwé owó kan ṣoṣo la ní, inú server (kọ̀ǹpútà àgbà) kan tó wà n'Ílọrin ló sì wà. Ẹni tó bá san owó sínú àkáǹtì ẹ̀ l'Ọ́fà láàárọ̀, tó bá dé Ìlọrin lọ́sàn-án tó fẹ́ gbà á, ó gbọ́dọ̀ rí i gbà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, flash ni wọ́n fi ń ṣe é. Akọ̀wé Ọ̀fà á kó iṣẹ́ òòjọ́ sórí flash, á fi sínú ènfílọ́ọ̀pù, á lẹ̀ ẹ́ pa, á kọ orúkọ sí i lára, á wá gbé e fún dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ n'Ílọrin, èèyàn wa kan á sì lọ dúró dè é ní Gáréèjì Ọ̀fà. Tí táyà mọ́tò yẹn bá bẹ́ ní Ìdófíàn, ìwé wa ti fi ọjọ́ kan rẹ̀yìn nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn la bọ́ sórí SIM. Router kékeré kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, SIM méjì nínú ẹ̀, VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó ń bo ọ̀rọ̀ wa lójú ẹlòmíì) lórí ẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ dé àyè kan, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Láàárọ̀ kùtù ó máa ń dùn ún lò. Ṣùgbọ́n másìtì tá à ń lò l'Ọ́fà yẹn, gbogbo àdúgbò ló jọ ń lò ó, tí àwọn ọmọ Poly bá sì ti wọlé báyìí, ohun tí wọ́n bá lò kù làwa máa ń rí lò. Ping, ìyẹn iye millisecond (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ tó fi ń bọ̀, á wà ní 80, ká tó ṣẹ́jú ó ti di 400, ká tún wò ó kò tiẹ̀ dáhùn mọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn mí wọ egungun, èmi fúnra mi wà l'Ọ́fà, torí wàhálà yẹn gan-an ni mo ṣe lọ. Ìyá elélùbọ́ kan, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n, Ọjà Ọwọ́dé ni wọ́n ti ń tajà. Ọmọ wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Poly, ọjọ́ náà sì ni wọ́n máa ti owó sísan pa. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ti dé. Owó wà nínú àpótí, owó tiwọn náà wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n akọ̀wé ò rí ìwé ọ̀hún ṣí, ojú kọ̀ǹpútà kàn ń yí bírí bírí. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n tú gèlè, wọ́n tún un wé, wọ́n tún tú u. Tó bá tó wákàtí kan wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé owó mi ò tíì kúrò n'Ílọrin ni?" Èmi wà lẹ́yìn káńtà, mò ń pa router, mò ń tàn án, mo ń yọ SIM, mò ń fi òmíràn sí i. Aago méjì ti kọjá kó tó ṣí. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní, "Dìde, Àǹtí, Ọlọ́run á bá yín tún un ṣe." Mo padà sí Ìlọrin lọ́jọ́ yẹn, mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé ká yáa wá owó okùn tiwa.

Bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn àgbààgbà ìgbìmọ̀ ni pé íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé ń lò dà bí bọ́ọ̀sì, ẹni tó bá ti sanwó á wọ̀ ọ́, ẹ á jọ fún ara yín pọ̀ ni. Leased line, drop ni. Ẹ ti háyà ẹ̀, ẹ kún un o, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo o, kò sẹ́lòmíì tó máa wọ̀ ọ́, owó kan náà sì lẹ máa san lóṣooṣù. Megabit 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (bí ọ̀nà náà ṣe lè gbé nǹkan tó nìyẹn) tí wọ́n bá kọ sínú ìwé, 10 lọ, 10 bọ̀, àárọ̀ àti alẹ́, kò dà bíi ti orí fóònù tó jẹ́ pé nǹkan á tètè máa wọlé wá sọ́dọ̀ èèyàn, tó bá wá di pé kí tiwa jáde lọ, á máa fà. Àgbà kan nínú ìgbìmọ̀, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ megabit 10. Ó ní láyé tiwọn, E1 kan, ìyẹn megabit 2.048, ọ̀nà 32 tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ kilobit 64, ohun tí odindi báńkì ń fọ́nnu lé lórí nìyẹn, ìlú tí wáyà ò bá sì dé, VSAT ni, sátẹ́láìtì tó ga tó kìlómítà 35,786 lókè ọ̀run, téèyàn bá tẹ nǹkan á fẹ́ẹ̀ tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí èsì ẹ̀ tó dé. Bàbá yẹn ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé ká ṣe é. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún wa.

Owó ńkọ́? Ó wọ́n. Owó oṣù kan ju ohun tá à ń san fún akọ̀wé wa méjì lọ, owó ìbẹ̀rẹ̀ sì tún wà lọ́tọ̀, ti ilẹ̀ gbígbẹ́ àti òpó àti ẹ̀rọ. A gba 10 fún Ọ̀fà, 5 fún Òmù-Àrán. Ọ̀fà yára, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òmù-Àrán pẹ́ gan-an, torí fáíbà wọn, ìyẹn okùn gíláàsì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀, ò dé àdúgbò wa, rédíò ni wọ́n fi ṣe ibi tó kù, àwo kan lórí òrùlé wa, èkejì lórí másìtì wọn, méjèèjì ń wo ojú ara wọn, kò sì gbọ́dọ̀ sí igi tàbí ilé kankan láàárín. Tó bá ti di òjò ńlá, ó máa ń fà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì já rí nítorí òjò.

Ọjọ́ tí wọ́n wá so ti Ọ̀fà, mo dúró ti ẹńjíníà wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fáíbà yẹn, tí wọ́n bá bó gbogbo aṣọ ara ẹ̀ tán, kò ju fọ́nrán irun lọ, ẹ ò tiẹ̀ ní tètè rí i tẹ́ ẹ bá gbé e sí iwájú ògiri funfun. Ó fi spirit nù ún, ó gé orí ẹ̀ kó bára dọ́gba, ó kó méjèèjì sínú ẹ̀rọ kékeré kan, iná bàìbàì kan ṣẹ́ wìì, wọ́n ti di ọ̀kan. Ó wá fi mítà wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń dé, ó kà á sí mi létí pé -18, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí mi ò ti ní sọ ọ́ nù. Mo fi bírò kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, ó wà níbẹ̀ dòní. Ìwé tó wà lára ògiri yẹn ti gbà wá lẹ́ẹ̀kan, màá sọ ọ́ níwájú.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o, torí òun ló jẹ́ kí n máa kọ nǹkan yìí. Oṣù kẹta tá a bẹ̀rẹ̀, Ọ̀fà kú lójijì láàárọ̀ Mọ́ńdè. Mo pe ibi ìtọ́jú oníbàárà wọn, ọmọkùnrin tó gbé e ní, "Ẹ má bínú Mà, wọ́n gé fáíbà wa lápá Ògbómọ̀ṣọ́." Mo ní Ògbómọ̀ṣọ́ kẹ̀! Ẹni tó ń ti Ìlọrin lọ Ọ̀fà, Gánmọ̀, Amọ́yọ̀, Ìdófíàn, Àjàṣẹ́-Ìpo ló máa gbà kọjá, kí ló wá kan Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà? Ó ní òun ò mọ̀, ohun tí òun rí lójú kọ̀ǹpútà òun nìyẹn.

Mo wá rántí nọ́ńbà kan tí ara mi ò ti gbà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ping wa sí Ọ̀fà, 17 ló ń gbé jáde, millisecond 17, kì í yẹ̀. Ó dáa ju ti SIM lọ fíìfíì, ìdí nìyẹn tí mo fi gbẹ́nu dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń sáré nínú fáíbà, nǹkan bíi kìlómítà 200 ló ń rìn láàárín millisecond kan. Ìlọrin sí Ọ̀fà ò tó kìlómítà 70, lílọ àti bíbọ̀ ẹ̀ ò lè gba millisecond kan tán. Ẹ jẹ́ ká fún àwọn ẹ̀rọ tó wà lọ́nà ní méjì tàbí mẹ́ta. Níbo ni 17 ti wá? Ó túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan tí akọ̀wé Ọ̀fà bá tẹ̀, ó ń gba Ìlọrin kọjá, ó ń gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn, ó ń dé Èkó kó tó yí padà wá bá server wa tó wà ní Taiwo. Ẹni tó fẹ́ lọ Ọ̀fà láti Ìlọrin ti kọ́kọ́ lọ kí wọn l'Ékòó.

Mo béèrè lọ́wọ́ ẹńjíníà wọn, kò jiyàn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí, Èkó ni ẹ̀rọ tó ń pín ọ̀nà fún gbogbo oníbàárà wà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Inú bí mi. Ohun tá a ra ni okùn láàárín Ìlọrin àti Ọ̀fà, a ò ra àrùn gbogbo títì márosẹ̀ tó lọ sí Èkó mọ́ ọn. Gbogbo ibi tí katapílà bá ti ń tú ọ̀nà láàárín ibí àti Èkó ló ti lè pa wá, ìyá elélùbọ́ á sì tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kọ lẹ́tà, mo ń pè, mo lọ jókòó ní ọ́fíìsì wọn n'Ílọrin, kó tó di pé wọ́n gbà láti yí ọ̀nà wa padà lórí ẹ̀rọ tó wà níbí. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, mo tẹ ping, ó gbé 3 jáde. Mo tún un tẹ̀, 3. Mo fò sókè.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ ní kí wọ́n ya ọ̀nà tí okùn yín máa gbà fún yín, ìlú sí ìlú. Tí wọ́n bá ní àṣírí ilé iṣẹ́ ni, ẹ ní kí wọ́n kọ iye millisecond tí kò gbọ́dọ̀ jù sínú àdéhùn. Ìyẹn náà á sọ ibi tó ń gbà fún yín.

Èyí tó kàn ni ọ̀rọ̀ wákàtí. Tiwa kọ ọ́ pé okùn máa wà láàyè ní ìdá 99.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dùn létí àbí? Lóṣù ọlọ́jọ́ 30, ìdá yẹn fi àyè wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 36 sílẹ̀ tó lè fi kú, ìyẹn ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìsàlẹ̀ ìwé náà, lẹ́tà kíkéré, ọdọọdún ni wọ́n ń kà á, kì í ṣe oṣooṣù. Lọ́dún kan ó jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 44. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n lè pa wá láti àárọ̀ Fúráìdè títí wọ àárọ̀ Sọ́ńdè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n má sì jẹ wá ní kọ́bọ̀. Tá a bá máa tún un ṣe, oṣooṣù ni kí wọ́n máa kà á, kí wọ́n sì kọ iye wákàtí tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi tún un ṣe lọ́tọ̀. Ẹ wo iyàtọ̀ ẹ̀: 99.9 lóṣù, ìṣẹ́jú 43 péré ni. Ó wọ́n jù ú lọ o, ẹni tó bá nílò ẹ̀ nìkan ni kó san án.

Wàyí o, ibi tí okùn yìí ti gbé wa níyì. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, Tọ́sìdè, ààwẹ̀ kẹrin nínú Ràmàdáánì. Okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lápá etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì dàrú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, áàpù àwọn báńkì ò ṣí mọ́, àwọn èèyàn ń sáré kiri. N'Ílọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, àwa ò dúró. Ọ̀rọ̀ wa ò kan òkun. Ó kúrò ní Taiwo, ó dé Ọ̀fà, ó tán. Àwọn tó wá gba owó ọbẹ̀ ìṣínu lọ́jọ́ yẹn gbà á kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Mo rò pé ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn tó kù nínú ìgbìmọ̀ gbà pé owó wa ò ṣòfò.

Ìtàn ara ògiri tí mo ní màá sọ. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀fà bẹ̀rẹ̀ sí í já, á padà, á tún já. Ibi ìtọ́jú ní ẹ̀ka wa ni, àwa ní tiwọn ni. Mo ní kí akọ̀wé ka mítà tó wà lójú ẹ̀rọ sí mi létí, ó ní -31. Mo ní wo ara ògiri, kí ni mo kọ síbẹ̀, ó ní -18. Nọ́ńbà yẹn, bó bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù. Mo ní kó wo gbogbo ibi tí wáyà yẹ́lò yẹn gbà. Ẹni tó gbálẹ̀ ló ti kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́yìn láàárọ̀, ó tẹ wáyà náà mọ́ ògiri, ó ká kọ́rọ́. Fáíbà ò fẹ́ ká kọ́rọ́, ìmọ́lẹ̀ á máa jò jáde níbi tó ti ká. Wọ́n fa kọ́bọ́ọ̀dù síwájú, nọ́ńbà padà sí -18 lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá sí ohun tá a kọ sára ògiri, à bá ṣì máa bá ilé iṣẹ́ jà títí di ọjọ́ kejì.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó tún yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Megabit kì í ṣe megabyte, 8 ni wọ́n fi ń pín in, 10 tiwa jẹ́ megabyte 1.25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bákọ́ọ̀pù alẹ́ wa tó jẹ́ megabyte 900 ń gba ìṣẹ́jú 12. Ó tó wa, ó tún ṣẹ́ kù. Àfi ìgbà tí ẹnì kan lọ so kámẹ́rà ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà mọ́ ọn láìsọ fún mi, tí fídíò gba gbogbo ọ̀nà, tí gbígba owó sì ń falẹ̀. Mo fi iṣẹ́ owó síwájú lórí router, mo ní kí kámẹ́rà máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹ má sì gbà pé torí okùn jẹ́ tiyín nìkan, kò sẹ́ni tó lè yọjú wò ó. Ó ń gba inú ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíì kọjá, kò sì sí ohun tó bò ó fún yín. A ṣì ń lo VPN lórí ẹ̀, owó àti orúkọ èèyàn ni, òfin ààbò détà Nàìjíríà ti 2023 sì ti wà. Iná náà ńkọ́: okùn lè wà láàyè kí NEPA mú iná lọ, kẹ́ ẹ sì wà nínú òkùnkùn, torí náà àpótí wọn, router àti kọ̀ǹpútà akọ̀wé, orí ínfátà kan náà ni kí gbogbo ẹ̀ wà.

Ẹnì kan á ní kí ló dé tẹ́ ò kàn ra Starlink, ó kúkú ti dé Nàìjíríà láti 2023. A rà á. Ọ̀nà ìkejì ni fún wa l'Ómù-Àrán, ó sì dáa níbẹ̀, torí kò gba ilẹ̀ kọjá, katapílà kankan ò lè gé e. Bọ́ọ̀sì ṣì ni ṣùgbọ́n, gbogbo èèyàn ló jọ ń wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó bá wa fọwọ́ síwèé pé tó bá kú òun á dá owó padà. L'Ọ́fà, SIM àtijọ́ la fi sílẹ̀ ṣe ìkejì. Ilé iṣẹ́ fẹ́ ta okùn ìkejì fún wa l'Ọ́fà, mo béèrè ibi tó máa gbà, ihò ilẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú tàkọ́kọ́ láti Àjàṣẹ́-Ìpo lọ. Mo ní rárá o. Ohun tó bá gé ọ̀kan á gé èkejì.

Máàkì tí mo fún wọn: okùn fúnra ẹ̀, 9 nínú 10, látìgbà tí wọ́n ti tún ọ̀nà ṣe. Ẹńjíníà tó ń wá sí ẹ̀ka, 10, ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n á wá nínú òjò. Ibi ìtọ́jú oníbàárà, 5, torí ẹni tó ń gbé fóònù ò mọ ibi tí okùn gbà, ìwé tó wà níwájú ẹ̀ nìkan ló ń kà. Owó, 6.

Ìyá elélùbọ́ ṣì ń wá. Ọmọ wọn ti wọ ọdún kejì. Wọn kì í jókòó mọ́ báyìí, orí ìdúró ni wọ́n ti ń gba owó wọn.

Àdéhùn wa máa parí lóṣù tó ń bọ̀, a sì máa tún un ṣe. Mo ti kọ ohun mẹ́ta tá a fẹ́ ránṣẹ́ sí wọn: kíka wákàtí lóṣooṣù, ping tí kò gbọ́dọ̀ ju 5 lọ sí Ọ̀fà, àti fáíbà dé ẹnu ọ̀nà l'Ómù-Àrán dípò rédíò. Wọ́n ti gba méjì àkọ́kọ́. Lórí ìkẹta, wọ́n ní àwọn á wá wọn ilẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.